Ohun Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Lẹ́yìn Mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, èmi ni mo mọ bó ṣe rí lára mi.

Tíṣà ni mí nílùú Aládé. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí kóòṣì kan láti Àkúrẹ́ tó rí mi níbi tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé, tí mo ń ya ọ̀kadà sílẹ̀ lórí òkè. Ó ní ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ tíṣà, kí n wá máa fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Àwọn ará ilé ní ṣé orí mi pé, àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé!

Láàárọ̀ ọyẹ́, mo máa ń gba ọ̀nà Ọ̀wẹnà lọ dánra wò, kùrukùru á ti bo gbogbo òkè. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́ kan lẹ́yìn mi, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Mo rọra, ó rọra. Mo sáré, ó sáré. Orí mi wú.

Ṣé mo bojú wẹ̀yìn? Rárá o. Nílé wa, bí ohun tí o kò rí bá ń tẹ̀lé ọ nínú kùrukùru, o ò gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn. Bí ojú ìwọ àti òun bá fi lè ṣe mẹ́rin, ó ti di tìrẹ nìyẹn, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ìyá mi, Aládùúrà paraku, ní kí n máa ka Sáàmù, kí n má yíjú. Ojoojúmọ́ ló ń lé mi, ẹsẹ̀ mi sì ń yá sí i. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ló sọ mí di eléré.

Wọ́n wá pè wá sí Àbújá, láti yan ẹni tí yóò ṣojú Nàìjíríà. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, bí mo bá pàdánù, ó parí. Pápá ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ létí bí abọ́, kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kò sì ní bíréèkì. Ẹni méjì ló ń díje, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n á mú. Ẹni tó wà níwájú á rọra máa lọ, á máa bojú wẹ̀yìn, kí ẹnì kejì má bàa ya á sílẹ̀ lójijì.

Nínú ìje àkọ́kọ́, èmi ni iwájú bọ́ sí. Ọrùn mi kọ̀, kò yí. Ọmọbìnrin tá a jọ ń díje kọjá lára mi bí afẹ́fẹ́. Kóòṣì bi mí pé kí ló dé, mo sì ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní bí n kò bá bojú wẹ̀yìn, kí n máa múra ilé.

Nínú ìje kejì, ẹ̀yìn ni mo wà, mo sì borí. Ìje tí yóò parí ọ̀rọ̀, iwájú tún bọ́ sí mi. Mo gbọ́ ṣéènì náà, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ọmọbìnrin náà ti dé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo yíjú.

Ọmọ náà ṣì wà lọ́nà jíjìn, lókè pápá. Kò sẹ́nì kankan láàárín wa, ṣéènì sì ń dún. Mo tẹ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí iná ń lé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n mú mi.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbọ́ ọ lẹ́yìn mi mọ́. Iwájú ni mo ti ń gbọ́ ọ báyìí, nínú kùrukùru ọ̀nà Ọ̀wẹnà, n kò sì tíì bá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù lè jẹ́ òun ló ń tì yín lọ. Ṣé ẹnì kan nínú yín ti bojú wẹ̀yìn rí? Kí lẹ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.