Ajá Ògún Tí Mo Wò ní Kọ̀rọ̀

Bí òórùn òrí tí wọ́n ń yọ́ lórí iná bá kàn mí nímú, àyà mi á já, títí dòní. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí nígbà náà, nílé àwọn alágbẹ̀dẹ kan ní Bẹ́yẹrúnká, nígbà tí ogun Bìáfúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Kánò, ó lè lò tó oṣù kan gbáko kó tó wálé. Ajá funfun kan ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí ajá bá fẹnu kan aṣọ wa, ìgbà méje ni bàbá mi ń ní ká fọ̀ ọ́. Àmọ́ ìdáwà kò mọ ẹ̀sìn. Kò pẹ́ tí mo fi ń bá ajá náà sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Gbogbo ilé ń gbọ́ bí mo ṣe ń pè é, kò sẹ́ni tó bá mi pè é bẹ́ẹ̀. Èmi òmùgọ̀ rò pé wọn kò fẹ́ràn ajá ni. N kò mọ̀ pé ajá ọdún Ògún ni, àti pé nílé náà, wọn kì í fún irú ajá bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tú u, ó tẹ̀ lé mi lọ pọnmi ní Bẹẹrẹ. Takisí kan já wálẹ̀ láti ọ̀nà Mápó, ó sì gbá a nídìí. Mo ju garawa sílẹ̀, mo gbé ajá mọ́ àyà, mo ń ké gbàjarè lójú títì bí ẹni tí wọ́n gbá ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì ká sẹ́yìn. Nígbà tí a délé, bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, jáde wá pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ẹran Ògún lo mú lọ fún mọ́tò yẹn."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. N kò mọ̀."

"Ọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ògún kì í gba ajá tó ń wọ́sẹ̀ nílé yìí. Bó bá rìn, a ó lò ó. Bí kò bá rìn, a ó wá òmíràn."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí ajá mi má rìn. Lọ́jọ́ kejì, mo fi aṣọ wé e bí ọmọ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń to eegun ní Òkè Bọ́lá. Ìyá já ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ léèékánná, ajá kò tilẹ̀ mira. Ó mi orí.

"Eegun kò dá. Iṣan ló kú. Bí o kò bá máa fi òrí gbígbóná ra á, kí o máa ká a, kí o máa nà án lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ yìí á gbẹ dànù."

"Ìyá, ṣé n kò lè dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ná?"

"Ha! Ṣé iṣan ń dúró de ènìyàn ni?"

Bí mo bá wò ó, ọ̀bẹ ń dúró. Bí n kò bá wò ó, arọ ni títí ayé. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi sunkún délé, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo pinnu pé n ó wò ó, n ó sì fi pamọ́. Bí òòlù bá ti ń dún lágbẹ̀dẹ, mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin dí nìyẹn. N ó yọ́ òrí, n ó ra ẹsẹ̀ náà, n ó ká a, n ó nà án, n ó sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ìka rẹ̀ kó má bàa bó. Bí òòlù bá ti dákẹ́, kíá, n ó fi aṣọ di igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ ọn, n ó sì fajú ro. Ìyálé mi á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyá ajá." N ó ní kò tíì san.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo já a léèékánná bí ìyá ti ṣe, ajá sì ké. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, síbẹ̀ ọwọ́ ni mo fi bò ó lẹ́nu, tí mo ń wò yíká bí olè. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ń fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀. N kò lè jẹun mọ́.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, àwọn alágbẹ̀dẹ wá wò ó. Bàbá ló ṣáájú wọn wọ ẹ̀yìnkùlé. Àṣé ajá fẹ́ràn Bàbá! Bó ṣe gbóhùn rẹ̀, ó dìde fùú, igi tú, aṣọ tú, ó sì dúró ṣinṣin níwájú rẹ̀, ó ń ju ìrù. Bàbá yìí ti lé ọmọ tó bí jáde nílé rí nítorí irọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ajá, ó wò mí. Mo ń gbọ́ bàtà àwọn tó kù lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú apá agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bo ajá kí wọ́n má bàa rí i.

"Ìyàwó, aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tú. Tètè dè é."

Mo dè é. Bàbá yíjú sáwọn tó kù. "Arọ ni. Ẹ jẹ́ ká kọjá sọ́jà."

Ajá mi gbé ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé, wọn kò sì tún yàn án fún Ògún mọ́. Bàbá kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rárá títí ó fi papò dà, èmi náà kò sì bi í. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Èmi ni ìyá àgbà ilé náà báyìí, àwọn ọmọ sì máa ń yìn mí pé aláàánú ni mí. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá ní arọ ni ajá mi, wọ́n fa ajá pupa kan wọlé láti ọjà, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí èmi àti ajá mi wà. Ó ń ju ìrù sí mi. Mo gbé ajá tèmi, mo wọ yàrá, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́run mọ̀ pé ayọ̀ ni mo ń yọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.