Ọ̀sán Tí Bọ́sẹ̀ Rí Ìyá Mi

Ìró ewé tíìkì gbígbẹ ló dé etí mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, inú fóònù ọmọ ọmọ mi ló sì ti ń jáde. Télọ̀ ni ọmọ náà l'Óṣogbo, ó wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, kò tíì dìde tán tó fi na fóònù sí mi, ó ní kí n wo àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń wá iwin nínú itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Mo wò wọ́n. Wọ́n so fóònù mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń tẹ ewé mọ́lẹ̀, ó ń dún wàràwàrà. Mo ní wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, pé a kì í dúró ṣánṣán wo ará ọ̀run. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé owú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, owú tó ti dàgbà ju ìyá tó bí òun lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní àgbègbè wa ni wọ́n sin sínú itẹ́ yẹn, àwọn olùkọ́ ìjọ, àwọn tíṣà, àwọn ìyá tó ń fi owó àgbàdo kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọ àárín àwa àti Ìfọ́n, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé àdá débẹ̀ mọ́. Bí ará Ìlobù bá ro ó, ará Ìfọ́n á ní ó fẹ́ fi gba ilẹ̀ ni. Bí ará Ìfọ́n bá sì ro ó, àwa náà á fi igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe bo gbogbo wọn, àgbélébùú ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, tíìkì ń wọ́ ewé lé wọn lórí. Àwọn òkú ibẹ̀ nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́.

Ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó kú, kò sì ya fọ́tò rí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, ẹ̀yin ọmọ tí fọ́tò yín kún inú fóònù kí ẹ tó hu eyín: mi ò mọ ojú ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mo ní, pé ó pupa, pé ó ní èjí, pé ojú rẹ̀ gan-an ni mo gbé. Mo máa ń yọ́ gbé dígí bàbá mi, màá wo ojú ara mi títí, bóyá màá rí i níbẹ̀.

Ọmọ tíṣà ni Bọ́sẹ̀. Ará Ìfọ́n ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wá sí ilé ìwé wa nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Àmọ́ owú rẹ̀ ń jẹ mí gan-an, kì í sì í ṣe nítorí bàtà rẹ̀ tàbí bùrẹ́dì tó ń gbé wá. Nítorí ìyá rẹ̀ ni. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ìyá rẹ̀ á jókòó sórí àpótí, Bọ́sẹ̀ á gbé orí lé wọn nítan, wọ́n á máa di irun fún un títí táá fi sùn lọ. Èmi á fẹ̀yìn ti ògiri, màá máa wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń di tèmi, ọwọ́ wọn le bíi ti ẹni tó ń di iṣu mọ́ ọ̀pá. Àwọn náà ni wọ́n rán yúnífọ́ọ̀mù mi, wọ́n sì rán an gbàgẹ̀rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n lè dàgbà sínú rẹ̀. Ti Bọ́sẹ̀ mọ níwọ̀n orúnkún rẹ̀, ó bá a mu.

Láyé ìgbà náà, kò sí ọmọdé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rí ará ọ̀run. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí òjìji èèyàn bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. O máa kọ ẹ̀yìn sí ibi tí o fẹ́ wò, o máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o máa wá wò láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ méjèèjì. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán, alààyè ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa rí. Bọ́sẹ̀ ló dá a lábàá pé òun á bá mi wá ìyá mi. Nígbà tí wọ́n lu aago oúnjẹ, a yọ́ gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ. Èmi ni mo wà níwájú.

A dé ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá mi, a kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, kò pa mí lọ́jọ́ náà. Aṣọ tí wọ́n ní kí n dàgbà sínú rẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Aṣọ búlúù nìkan ni mo rí láàárín ẹsẹ̀ mi. Mò ń fà á sókè, ó ń já bọ́. Bọ́sẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mo rí i," ó ní.

Ó ní obìnrin pupa kan ni, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní èjí. Mo bi í bóyá ìyá mi béèrè mi. "Kò béèrè ẹ," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Èmi ló ń wò." Mo ká aṣọ mi mọ́ ìbàdí, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi rọ́ sí mi lórí. Igi tíìkì ni mo rí, wọ́n dorí kodò.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá tèmi wá láti ọ̀run, ìdí Bọ́sẹ̀ ló filẹ̀kẹ̀ sí, Bọ́sẹ̀ tó ti ní ìyá nílé! Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá bàbá rẹ̀, mo ní Bọ́sẹ̀ ń lọ ṣeré nínú itẹ́ òkú. Mi ò sọ pé àwa méjèèjì ni. Wọ́n nà án lẹ́gba mẹ́fà níwájú gbogbo ilé ìwé. Ó wò mí, kò dárúkọ mi. Nígbà tí ọdún yẹn parí, wọ́n gbé bàbá rẹ̀ padà sí Ìfọ́n.

A ò bára wa jà o. À ń kíra wa lọ́jà, à ń jọ jẹun níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n a ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọ̀sán yẹn rí. Mo ṣe tíṣà, mo fẹ̀yìn tì, mo sin ọkọ mi. Nígbàkigbà tí mo bá rí Bọ́sẹ̀, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ojú yìí ti rí ìyá mi, tèmi ò rí i.

Bí ọmọ ọmọ mi ṣe lọ tán lọ́jọ́ Sátidé náà, mo pe Bọ́sẹ̀. A kíra wa títí, a béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, a béèrè ojú mi, a béèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé kí ló rí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

"Mi ò rí nǹkan kan," ó ní. "Ewé ni mo rí."

Ó ní gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ìyá mi ní èjí. Ó ní èmi ni àwọn ìyá ìjọ máa ń pè wọlé kí wọ́n bu oúnjẹ fún, èmi ni ìyá òun gan-an máa ń fi ṣàpẹẹrẹ bí wọ́n bá ń bá òun wí, pé kí òun wo ọmọ tí kò ní ìyá bó ṣe gbọ́n tó. Ó ní, "Mo fẹ́ kí n ní ohun kan ṣoṣo tí o ò ní."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ìyá mi ò fi mí sílẹ̀ kó lọ máa wo ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ẹkún ló gbọ̀n mí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń jowú yẹn, ìyá tó padà wá ni mo ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wá. Ní báyìí, kò wá rí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè so fóònù mọ́ ọ̀pá, kí wọ́n máa wá iwin bó ṣe wù wọ́n. Nǹkan ti yí padà, ó dáa. Èmi ti lé láàádọ́rin ọdún, mo sì ń wá ojú ìyá mi síbẹ̀.

"Bọ́sẹ̀," mo ní, "ṣé o ò tiẹ̀ rí i rárá?"

Mo tẹ fóònù mọ́ etí mi.

"Mo rí i," ó ní. "Ìwọ ló ń wò. Owú ni kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó bá mi kí àwọn ọmọ.