Ẹran Ara Tàǹtí Mi Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ti ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Mi ò ní pa á mọ́!

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi pàdé níbí, Ràmátù lorúkọ mi, ọmọ Kambolé, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu. Lábò kan, ìyẹn ilé àyẹ̀wò, ní Lomé ni mo ti ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú. Iṣẹ́ mi kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Sẹ́ẹ̀lì ló kún ara wa, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣàdédé pín sí méjì, àfi tí wọ́n bá rán an níṣẹ́. Iṣẹ́ náà á dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á sọ fún ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sọ fún ti inú yàrá, inú yàrá á ní ó dáa, ẹ máa dàgbà. Tí wọ́n bá ti jẹ́ iṣẹ́ náà tán, ó yẹ kí gbogbo wọn dákẹ́.

Nínú jẹjẹrẹ, wọn kì í dákẹ́. Ẹnìkan wà lójú ọ̀nà yẹn tó ń pariwo “ẹ dàgbà, ẹ dàgbà” láìsí ẹni tó rán an. Ẹni yẹn gan-an ni mò ń wá.

Kí ló dé tí mò ń wá a? Torí pé oògùn tó lè pa á lẹ́nu mọ́ wà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pariwo. Sẹ́ẹ̀lì tó kún firíjì wa ní lábò, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, láti ara àwọn obìnrin tí kò gbọ́ orúkọ Kambolé rí. Mo ní rárá o, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àwọn ìyá tiwa ni mo fẹ́ mọ̀.

Àwọn ìyá tiwa kò sì gbà! Ní ọsibítù kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ní Sokodé, mo bẹ ìyá mẹ́ta pé tí dókítà bá gé kókó tó wà lọ́mú wọn, kí wọ́n fún mi ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀gá mi ní Lomé rẹ́rìn-ín, ó ní àìmọ̀wé ló ń dà wọ́n láàmú. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé Faransé olójú ewé mẹ́rin ni mo gbé síwájú wọn, tí mò ń ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mi ò bi ọ̀kankan nínú wọn léèrè ìdí tí wọ́n fi kọ̀.

(Ẹ rí i pé mi ò pe ọ̀gá mi ní “wọ́n”. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ máa bá mi bọ̀.)

Lẹ́yìn náà ló wá kan ilé wa. Tàǹtí Awáwù, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n pọ̀n mí dàgbà, ni kókó yọ sí lọ́mú òsì. Dókítà ní àfi kí òun gé ọmú náà kíákíá. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lábò kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sunkún ni mò ń rò ó pé kókó yẹn lè sọ ohun tí mò ń wá fún mi. Ojú ara mi tì mí.

Mo wọkọ̀ lọ sí Kambolé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a jókòó sí àgbàlá, èmi, Tàǹtí, àti Bàbá Mùsá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí wa. Mo ṣàlàyé. Kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, Bàbá Mùsá ti ń mi orí.

“Ràmátù, ohun tí wọ́n bá gé lára mùsùlùmí, sínsin ni. Wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá wa ní Sokodé, àwa la gbé e wálé, àwa la sin ín. Ta lo gbọ́ pé ó fi ẹran ara èèyàn sínú ìgò rí?”

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Tàǹtí bi mí: tí mo bá wò ó tán, níbo ló máa lọ?

Mo ní wọ́n á sun ún.

Háà! Sísun kẹ̀? Pẹ̀lú bándéèjì àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò? Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Àwọn ìyá mẹ́ta yẹn kò bẹ̀rù ìwádìí mi rárá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èmi tí mo kàwé-kàwé ni mi ò mọ̀, èmi tí mo dàgbà nínú ilé tí wọ́n sin ẹsẹ̀ bàbá àgbà mi sí!

Tàǹtí wá sọ tiwọn. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní ìwọ̀n kóró ẹ̀pà kan. Ìyókù gbọ́dọ̀ dé Kambolé lọ́jọ́ náà gan-an kí oòrùn tó wọ̀. Bí nǹkan bá sì ṣẹ́ kù nínú èyí tí mo mú, èmi fúnra mi ni kí n gbé e wá sin. Mo ní mo gbà. Bàbá Mùsá dìde, wọ́n ní àwọn ò gbọ́, àwọn ò sì sí níbẹ̀. Wọ́n wọlé lọ.

Mo pe ọ̀gá mi. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ! Ó ní òfin ni pé ohun tó bá ṣẹ́ kù ní lábò, sísun ni, kò sí pé a ń dá a padà. Ó tún ní kí n kúkú kó gbogbo kókó náà wá, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti fún obìnrin náà lóògùn oorun, kí ló máa mọ̀?

Mo sọ fún un pé tàǹtí mi ni “obìnrin náà”, mi ò sì ní ṣe é láéláé. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má retí pé orúkọ mi máa wà lórí iṣẹ́ náà. Mo ní kó yọ ọ́. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bà mí.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Ọ̀dọ̀ ìbátan wa kan ní Kouloundè, àdúgbò kan ní Sokodé, ni mo sùn, mo sì gun tàsí-mọ́tò lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó gé ìwọ̀n kóró ẹ̀pà fún mi, mo gbé e sínú àpótí yìnyín. Bí mo ṣe yíjú padà, mo rí màjọ̀, ìyẹn olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tó ti ju ìyókù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí.

Mo dúró dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n yà fún òun. Mi ò yà!

Ó ní ìdọ̀tí ọsibítù ni. Mo ní ẹran ara tàǹtí mi kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo ní ẹni tó ni ín kò kú, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ yẹn, kó dúró kí wọ́n jí kó sì bi wọ́n. Ariwo wa pọ̀. Àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìsàn jáde síta. Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Tem bá màjọ̀ wí, ó ń nawọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, àwọn tó kù sì ń gbè é lẹ́yìn. Dókítà jáde tòun ti àárẹ̀ lójú. Ó ní, “Donnez-lui ça.” Màjọ̀ gbé e fún mi.

Mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e sínú àpò, èmi àti awakọ̀ kan sì gba ọ̀nà Tchamba lọ sí Kambolé. Níbẹ̀ ni jándáámù kan, ìyẹn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá wa dúró, ó ní kí ló wà nínú àpò mi. Mo ní ọmú tàǹtí mi ni. Ó rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀! Ó tú aṣọ náà díẹ̀, ó fò sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sáré sọ okùn ojú ọ̀nà kalẹ̀ fún wa.

A dé Kambolé, oòrùn kò tíì wọ̀. Àwọn obìnrin ilé ti pọnmi sílẹ̀. Ta lẹ rò pé ó gbẹ́ ihò? Bàbá Mùsá tí kò sí níbẹ̀! Wọ́n gbẹ́ ẹ jìn dáadáa kí ajá má baà hú u. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró títí a fi kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán.

Mo padà sí Lomé, mo ṣe iṣẹ́ mi. Ẹni tí mo fura sí wà lójú ọ̀nà náà, ó ń pariwo kíkankíkan! Ara obìnrin kan ṣoṣo kò tó ṣe ẹ̀rí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo jó nídìí mikirosíkóòpù. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo gbé e lọ sin bí mo ṣe ṣèlérí. Tàǹtí ṣì ń gba ìtọ́jú, à ń bẹ Ọlọ́run. Ọ̀gá mi yọ orúkọ mi lóòótọ́, ó sì dùn mí wọra.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Ìyá kan pè mí láti Bago, ó ní ṣé èmi ni mo máa ń dá a padà? Ó ní tó bá jẹ́ èmi ni, kí n máa bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́ta ìjọ́sí náà ránṣẹ́ sí mi pé àbúrò òun fẹ́ rí mi. Èmi ni wọ́n ń béèrè, wọn ò béèrè lábò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀gá máa pè mí. Ó pè mí! Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo jókòó, mo ní ká tó sọ ohunkóhun, kó fi òfin tó ní sísun ni dandan hàn mí lórí ìwé. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó ṣí òmíràn, ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wá ní bẹ́ẹ̀ ṣáà la ti ń ṣe é tipẹ́.

Kò sí ìwé kankan! Òfin tó fẹ́ tìtorí rẹ̀ ja tàǹtí mi lólè, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ rí.

Torí náà, èmi kọ ọ́. Ojú ìwé kan péré, tí a ń kà fún àwọn ìyá ní Yorùbá àti ní Tem kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n: ohun tó bá ṣẹ́ kù, a ó dá a padà. Torí pé èmi ni àwọn ìyá ń béèrè, ọ̀gá mi ti dá orúkọ mi padà sórí iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tirẹ̀. A ṣì ń jà lórí ìyẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí èèyàn bá sọ fún ọ pé rárá, béèrè ìdí kí o tó pè é ní aláìmọ̀kan. Tí ọ̀gá bá sì sọ fún ọ pé òfin ni, ní kó mú un wá kí o fi ojú ara rẹ kà á. Ẹ̀yin ńkọ́? Òfin wo ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín tí ẹ ò tíì rí lórí ìwé rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì lọ béèrè lọ́la.