Hẹlikópítà Lórí Ebè Iṣu

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ká ní mo wọ hẹlikópítà náà jẹ́jẹ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ ní Orin pé mo wà lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí yóò dákẹ́? Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, ẹ̀kọ́ nípa òkè àti ilẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ ri òpó fóònù mọ́ orí àwọn òkè wa háyà hẹlikópítà, wọ́n ní kí n wá máa júwe ilẹ̀ fún wọn. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti gbà. Mo pe ìyá mi pé kó jáde síwájú ilé lọ́jọ́ kejì, kó máa juwọ́ sí mi. Màmá pe gbogbo àdúgbò.

Àwa mẹ́ta la wà nínú rẹ̀: awakọ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan láti Èkó tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ náà, àti èmi tí n kò pa ẹnu dé láti ìgbà tá a ti gbéra ní Ìfàkì. Bí a ṣe dé orí Orin, mo rí èrò níwájú ilé wa. Ìyá mi ti tú ìborùn rẹ̀, ó ń fì í sókè. Inú mi dùn débi pé mo gbá ọ̀gá náà létí níbi tí mo ti ń juwọ́. A ò tíì kọjá òkè ẹ̀yìn ìlú dáadáa tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Awakọ̀ ní ká di nǹkan mú. Ọrùn ọ̀gá ni mo dì mú.

Oko iṣu la já sí, ebè tuntun rẹrẹ, ilẹ̀ rírọ̀. Hẹlikópítà náà jókòó, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ lu ilẹ̀, ó fọ́ yángá. Gbogbo nǹkan wá dákẹ́. A rá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ọwọ́ ọ̀gá ti dá, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ètè awakọ̀, bàtà mi kan ti sọnù. Bí mo ṣe dìde dúró ni ẹ̀rín mú mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó padà. Awakọ̀ wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, àfi bí òun náà ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni olóko ti yọ sí wa pẹ̀lú àdá. Ó wò wá, ó wo hẹlikópítà, ó ní, “Ẹ kú ewu o. Ẹ rọra o, uṣu mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.” Ẹ̀rín tún gbé wa ṣubú.

Èéfín ló gba ẹ̀rín lẹ́nu mi. Ẹnì kan ń sun oko rẹ̀ nítòsí, èéfín náà sì ń gòkè gan-an lẹ́yìn òkè tí gbogbo Orin ti rí wa tá a wọlẹ̀ sí. Èmi nìkan lọmọ tó kù fún ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Bí ìròyìn pé a ti jóná bá fi lè ṣáájú mi délé, mo lè má bá a láyé. Mo yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tá a tìtorí rẹ̀ wá náà nìyẹn. Olóko fi àwọn méjèèjì sábẹ́ igi lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà.

Gbogbo ẹni tó rí mi lójú ọ̀nà ló ń sá. Ìyá kan sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, ó gba inú igbó lọ. Mo ń juwọ́ sí wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà láàyè, ìyẹn ló tún ń lé wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè jókòó dáadáa lórí ọ̀kadà.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹ ó kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ, ẹ ó sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, kí àgbà tó la ẹnu. Nígbà tí mo wọlé, àwọn àgbà ìjọ wa ló kún pálọ̀. Ìyá mi wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ nínú àwo iyán àti ọbẹ̀ ẹran ọ̀yà. Àwọn obìnrin figbe ta, bàbá kan fo àga kọjá. Ìyá mi nìkan ni kò mira. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, wọ́n ní mo kú, ẹ̀yin sì ń jẹ iyán.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ta ló ń gbé ọ̀yà wá bá mi nínú ulé yìí lọ́sàn-án gangan? Mo mọ̀ pé tí mo bá ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sọ ọ́. Mo wá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.”

Òkèlè kan ló kù nínú àwo. Ó ti àwo náà sí iwájú mi.