Áìsì Ìyá Onílé

Ohùn kan wà tí mi ò lè gbọ́ mọ́ kí àyà mi má já: ohùn ẹni tó ń rún áìsì lẹ́nu. Bí a bá wà níbi ìnáwó, tí ọmọdé kan ṣa áìsì nínú ife rẹ̀ tó sọ ọ́ sẹ́nu, mi ò ní mọ ìgbà tí n óò yíjú wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bóyá ó pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀sùn mi bó ṣe yẹ. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò kan ìyá onílé rárá. Tíráńsífọ́mà àdúgbò wa ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́, ló gbiná. Àwọn oníná wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní ká dáwó. A dáwó. Wọ́n gbé e lọ, wọn ò dá a padà, ìwé owó iná ò sì yéé dé. Fíríjì wa di àpótí tí à ń kó ìwé sí. Òjò kọ̀ kò rọ̀ lọ́dún náà, ooru mú débi pé ọbẹ̀ àárọ̀ kì í dé ọ̀sán. Bí gbogbo ará àdúgbò, a bẹ̀rẹ̀ sí ra áìsì: omi inú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ta lẹ́nu ní kókó, tí wọ́n sì fi sínú fírísà títí tó fi le bí òkúta. A ó tò ó sínú kúlà, a ó gbé omi mímu àti ọbẹ̀ lé e lórí, a ó fi aṣọ bò ó.

Ọ̀dọ̀ ìyá onílé wa la ti ń rà á. Ó ní fírísà ńlá méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ní jẹnẹrétọ̀ tó ń han láti òwúrọ̀. Ó ń ta áìsì nínú fírísà kan, ó ń ta ẹja dídì nínú èkejì. Bí áìsì bá sì pọ̀ jù, á kó o lọ bá ẹja. Ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mo kà ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ọ̀bà-Ilé, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń wò. Kànga tó ti ń pọnmi náà kò jìnnà sí ṣáláńgá. Náílọ́ọ̀nù tó ń rọ omi sí, ẹnu ló fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó là. Lọ́jọ́ kan mo rí ìpẹ́ ẹja kan láàárín áìsì, ó dúró sójú kan, ó ń tàn, bí ohun tí wọ́n fi dígí bò.

Mo gbà á bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó mi fi lóyún. Oyún kan ti wálẹ̀ lára rẹ̀ ṣáájú, oyún tó ti yọ tí gbogbo ojú ti rí. Nígbà tí mo bi dókítà ìgbà náà ohun tó fà á, ó ní, “Ẹ lọ gbìyànjú míì.” Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn di òní. Nítorí náà nígbà tí èyí dé, mo ń ṣọ́ gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ojú mi báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jẹ áìsì. Kì í ṣe pé ó ń fi í sínú omi. Á fi àkísà wé e, á fi ọmọ odó lù ú, á kó èérún rẹ̀ sínú abọ́, á jókòó tì í bí ẹni jókòó ti ẹ̀pà yíyan. Kàràkàrà, kàràkàrà. Iyán á wà níwájú rẹ̀, kò ní wò ó.

“Kí lo tún ń wò?” ó ní.

“Abọ́ yẹn. Omi tí wọ́n fi ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ni...”

“Má parí ẹ̀, jọ̀ọ́. Oúnjẹ ni mò ń jẹ.”

Lákòókò náà, wọ́n ń sọ ọ́ nígboro pé àrùn onígbáméjì ti wọ ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Mo bá múra, mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé. Mo ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní bóyá ẹ lè máa se omi yẹn kẹ́ ẹ tó dì í.”

Ó wò mí títí. “Kí n se omi, kí n tó fi ṣe áìsì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kó kọ́kọ́ hó, kó tó wá tutù.” Ó yíjú sí obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà wí? Ó ní kí n máa se áìsì.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Tíṣà, ìwé yín pọ̀ o. Nínú ulé yìí, omi yìí ni mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi, kò sí èyí tí kòkòrò gbé lọ nínú wọn.”

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé kò bínú. Láti ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé áìsì wá fún ìyàwó mi lọ́fẹ̀ẹ́. Aboyún kì í rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nítorí náà òun fúnra rẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ló ń gun àtẹ̀gùn. “Ìyàwó, gbà. Ohun tí aboyún bá ń wá tí a ò fún un, ojú ọmọ náà ni yóò máa wá a kiri.” Ta ni yóò dá ẹ̀bùn onílé padà? Ta ni yóò ní kí àgbà tó gun àtẹ̀gùn gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Ìyàwó mi á kúnlẹ̀ gbà á. Èmi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n óò máa gbọ́ kàràkàrà bí ẹni pé èmi ni mò ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀sùn míì wà tí mi ò kà sí nígbà náà. Gbogbo ìgbà tí a lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún, wọ́n ní àwọn ò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, iná ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò, kò sì síná. Ká padà wá. A padà, kò síná. Ìyàwó mi ń mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé áìsì ló ń jẹ. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ jẹ́ kó jẹ ohun tó wù ú.” Èmi sì gbà, nítorí omi inú kànga ló gbà mí lọ́kàn.

Nígbà tí oṣù ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo dọ́gbọ́n. Mo sọ fún ìyá onílé pé ìyá ìyàwó mi ní kí ọmọ òun wá fara hàn nílé ní Oǹdó. Kò sí onílé tó lè bínú sí ìyẹn.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá ìyàwó mi. A ò tíì gbé àpò kalẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ní, “Mọ́mì, ṣé áìsì wà?” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n rà á wá. Ó ń rẹ́rìn-ín náà títí ìyàwó mi fi nawọ́ gba abọ́. Ó wá di ọwọ́ náà mú. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó tún wo èkejì. Èmi náà wò ó. Ó funfun bí inú àgbọn.

“Nígbà tí mo lóyún rẹ, amọ̀ ni mò ń jẹ,” ó ní. “Amọ̀ ara ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ló tán lára mi.” Ó kọjú sí mi. “Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kànga, ṣáláńgá, ìpẹ́ ẹja.

“Mi ò bi yín léèrè omi.”

Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé Yorùbá inú ìwé tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ. Èdè Oǹdó pọ́ńbélé ló fi jáde lọ ń ké sí ọlọ́kọ̀.

Iná wà ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí wọlé. “Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìyàwó yín kò tó ẹni tó fẹ́ bímọ,” dókítà ní. “Bó bá rọbí báyìí, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá dà, a lè má rí ìyá, a lè má rí ọmọ. Áìsì yẹn, àmì rẹ̀ ni. Ara tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ nínú rẹ̀ máa ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.” Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tèmi ò bá a mu, kò sì sí nínú Oǹdó. Wọ́n tẹ ibi púpọ̀ láago kí wọ́n tó rí i ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní ìyàwó mi ò gbọdọ̀ rin ojú ọ̀nà yẹn. Èmi ni kí n lọ gbé e wá. Kí n mú kúlà dání, kí n wá áìsì tó le sí i, wọn ò ní gbé ẹ̀jẹ̀ lé ọwọ́ òfìfo. Kí ẹ̀jẹ̀ náà má sì kan áìsì ní tààrà.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá áìsì kiri Àkúrẹ́ nìyẹn. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n lọ́sẹ̀ náà. Páálí tí wọ́n kọ ÁÌSÌ WÀ sí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà káàkiri, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá fọwọ́ tẹ̀, á tẹ̀, omi á máa mì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí ibòmíràn tó kù.

Ìyá onílé jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Áìsì? Ṣé kí n kọ́kọ́ sè é?”

“Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi gbé, mà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló tán.”

Ó dìde, ó ṣí fírísà ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí abẹ́ ẹja ni áìsì tó le jù wà. Ó tú ìró òkè ara rẹ̀, ó fi wé áìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n mọ́ ara kúlà, ó fi àárín sílẹ̀. Ẹja ń da omi lẹ́yìn rẹ̀, eṣinṣin ti ń bà.

“Ẹja yín, mà,” mo wí.

“Ẹja ti kú tẹ́lẹ̀. Ẹ máa lọ.”

Nígbà tí mo gba ẹ̀jẹ̀ náà, mo wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ Oǹdó, mo gbé kúlà lé itan. Tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, mo máa ń tẹ́tí bóyá omi ti ń mì níbẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí ń di omi ọ̀rá rẹ̀ mú.

“Bùrọ̀dá, ẹ bù mí ní áìsì díẹ̀. Omi mi ti gbóná.”

“Ẹ má bínú, mà. Kò ṣeé ṣí.”

“Áìsì ni kò ṣeé ṣí? Nínú oòrùn yìí?”

Ọkùnrin tó wà níwájú yíjú padà. “A kì í fi omi tútù du èèyàn, ọ̀gá.”

Ọwọ́ ìyá náà ti wà lórí ìdérí. Mo gbá a mú. “Ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀,” mo wí.

Dírẹ́bà ti tẹ bíréèkì kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, wọ́n yí ọkọ̀ ká. Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Níbo ni mo ti rí i? Ní ilẹ̀ tí a ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé wọ́n fi èèyàn ṣe owó, ẹni tí wọ́n bá bá ẹ̀jẹ̀ lórí itan rẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ kì í pẹ́. Mo na ìwé ilé ìwòsàn sí wọn. “Ìwé?” dírẹ́bà ní. “Ta ni kò lè tẹ ìwé?” Àwọn méjì kan ti ń bọ̀ láti inú oko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ó yẹ kí n bẹ̀rù fún orí ara mi. Oòrùn tó ń lu kúlà ni mò ń wò.

Mo tẹ ìyá ìyàwó mi láago, mo gbé ohùn rẹ̀ síta. Mo ní wọ́n dá wa dúró. Kò bi mí ní nǹkan kan.

“Ẹ gbé e fún dírẹ́bà. Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?”

Dírẹ́bà kàn ń wo fóònù náà.

“Mo ní ọmọ ta ni ẹ́, ní àdúgbò wo? Ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Bí áìsì yẹn bá yọ́ sójú títì, ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ ni mo máa wá jókòó sí.” Nígbà tó dé ibí yìí, ó ti padà sí èdè Oǹdó, ohùn rẹ̀ sì já. Lẹ́yìn náà, ẹkún nìkan la ń gbọ́.

“Ẹ wọlé, ẹ wọlé,” ìyá tó tọrọ áìsì ní. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó dà á bo kúlà nítorí oòrùn, ó sì mu omi gbígbóná rẹ̀ tán. Dírẹ́bà ò gbé èrò kankan mọ́ títí a fi wọ Oǹdó. Kò sì gbójú sókè wò mí nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tú ìró ìyá onílé. Òórùn ẹja gba yàrá kan. Ó fọwọ́ kan ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ náà, ó ní, “Ó tutù.”

Mo jókòó, mo ń wo bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń kán sínú ọwọ́ ìyàwó mi. Iná tí kò sí ló gbé áìsì wọ ilé wa. Iná tí kò sí náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìdí tó fi ń jẹ ẹ́. Mo ti kọ ìwé sí àwọn oníná àti ilé ìtọ́jú aboyún náà láti ìgbà yẹn; wọn ò dá mi lóhùn. Ìyàwó mi la ojú, ó wo kúlà.

“Èyí tó kù yẹn,” ó ní, “ṣé mo lè jẹ ẹ́?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ gbé kúlà náà jáde.

Obìnrin ni ọmọ náà, ẹkún rẹ̀ sì le. Nígbà tí a gbé e dé Àkúrẹ́, ìyá onílé gun òkè wá, ó ń di orúnkún mú. Ó wo ọmọ, ó súre fún un, ó sì gbé abọ́ áìsì kalẹ̀ lẹ́bàá ìyàwó mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń tẹ́tí.

Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ọmọ ń mu ọmú. Ohùn yẹn nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí mo yọjú, áìsì ti yọ́ sínú abọ́, kò fọwọ́ kàn án. Ìpẹ́ ẹja kan wà nísàlẹ̀ omi náà. Mo gbé abọ́ náà sọ̀kalẹ̀ lọ fún ìyá onílé, mo ní, “Ẹ ṣé, mà.”