Àmì Mẹ́rin Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ìyá Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti ń ka odò láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Òpó irin kan wà lára ẹsẹ̀ afárá. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ àmì sí i, láti oókan dé ọgọ́ta. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, á lọ wo ibi tí omi dé, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá. Àwọn yẹn ló ń gbé e sórí rédíò. Tí omi bá dé àmì márùndínláàádọ́ta, kí wọ́n gbé àwọn tí kò lè rìn kúrò ní òpópónà ìsàlẹ̀. Tó bá dé àádọ́ta, omi ti wọlé nìyẹn. Ilé mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ilé kẹsàn-án, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kò gbé e mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó kọ méjìlélógójì. Bó ṣe ń bọ̀, ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn afárá. Orúnkún rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì dì í, ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bá ránṣẹ́ pè mí. Ògiri kan ló la ilé wa láàárín. Bíríkìlà ni mí, ogójì ọdún ni mo fi wọn ògiri.

“Bàbá Bíríkìlà, ẹ bá mi ka odò. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ. Ẹ má bu iyọ̀ sí i o.”

“Iyọ̀ wo? Dókítà ti gbà á lẹ́nu mi.”

Ó gbé ìwé fún mi. Oògùn ti ń mú un sùn.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ka ogójì. Mo tún un kà. Ogójì náà ni. Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ ohun tí mo rí nìyẹn, òun ni mo sì sọ. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, rédíò ti ní odò ń fà, kí ará òpópónà ìsàlẹ̀ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó ti gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo rí wọn. Inú mi dùn.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó di mọ́kànlélógójì. Ìyá Alámì sun gbogbo ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Rú, mo ka méjìlélógójì. Mo dúró lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú kí ọ́fíìsì tó gbé e. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e, omi ti bo àmì kan sí i. Mo sọ mẹ́tàlélógójì, mo sì yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Oorun oògùn ti dá lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ògiri ilé mi ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Kò lè rí odò.

“Mélòó ni?”

“Mẹ́tàlélógójì.”

“Pẹ̀lú mẹ́rin?”

“Mẹ́rin wo?”

Ó wò mí títí mo fi yọ fìlà.

“Bàbá, ẹ ò fi mẹ́rin kún un ni?”

“Ìyá Alámì, o ò sọ mẹ́rin kankan fún mi.”

Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá òpó náà. Wẹ́dà tó tún un so gbé e ga ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, àmì mẹ́rin gééré. Ọ̀gá ọ́fíìsì ìgbà náà ní kí Ìyá Alámì ṣì máa fi mẹ́rin kún iye tó bá kà, àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Wọn ò wá. Ọ̀gá náà ti fẹ̀yìn tì. Orí rẹ̀ ló fi ń ro mẹ́rin pọ̀ láti ìdí òpó dé ìdí ìwé. Àròpọ̀ nìkan ló ń kọ.

“Mo gbàgbé pé ẹ ò mọ̀,” ó ní. “Ó ti dà bí èémí sí mi lára.”

Mo fi ìka ṣírò. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Ó ku àmì mẹ́ta kí omi wọlé. Ogún ìṣẹ́jú sí àmì kan.

Ó pe ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Màmá, mẹ́tàlélógójì ni Bàbá pè wọlé.”

“Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Kọ ọ́.”

“Níbo ni mẹ́rin ti wá?”

“Orí mi ló wà.”

“Mi ò lè kọ orí yín sínú fọ́ọ̀mù, Màmá. Ọ̀gá wà nípàdé. Tí wọ́n bá ti jáde báyìí, mà á sọ fún wọn. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Ọkàn tèmi balẹ̀, ọmọ mi. Omi ni kò balẹ̀. Lọ kan ilẹ̀kùn ìpàdé.”

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dún títí ó fi gé. Ó tún un pè.

“Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé fóònù sí,” ó ní. “Bí ẹni ń sin nǹkan.”

Rédíò tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù dá orin dúró. Wọ́n ní odò kò tíì dé ibi ewu. Nọ́ńbà tèmi ni wọ́n kà.

“Ẹ bá mi pa nǹkan yẹn.”

Mo pa á. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ èèyàn méje ló wà níbẹ̀, àwọn tí kò lè rìn, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé wọn àti ilẹ̀kùn tí èèyàn á gbà wọlé. Ó ya ewé náà sí méjì.

“Ẹ mú mẹ́rin ti òkè. Èmi á mú mẹ́ta ìsàlẹ̀.”

“Pẹ̀lú orúnkún wo? Nọ́ọ̀sì ní...”

“Nọ́ọ̀sì ò gbé ní òpópónà ìsàlẹ̀.”

“Wọn ò ní gbà mí gbọ́. Rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.”

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣì í kà.”

Ó ṣòro lẹ́nu bíríkìlà.

“Mà á sọ ọ́,” mo ní.

Ó gba agboòrùn mi, ó fi tẹlẹ̀, ó dìde. Ó di apá àga mú, ó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò tilẹ̀ wọ bàtà.