Ẹṣin Omi Inú Akájà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pọ́bẹ̀. Bàbá mi sìn mí dé ibùdókọ̀. Ó ní, "Ọmọ òkè ni ọ́ o. Omi kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni." Iléeṣẹ́ ẹja kan ní Kútọnù ló ní kí n fi ìgò afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ ọ̀sà, kí n mú ẹṣin omi kan jáde, ẹja kékeré tó ní orí bí ẹṣin. Bí mo bá mú un, mo gba iṣẹ́. Bí n kò bá mú un, ẹlòmíràn ń dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ẹja ní Dakar.

Ní Ṣàkẹ́tẹ́, àwọn obìnrin gbé ọsàn wá sí ojú fèrèsé. Mo ra mẹ́ta ní fáráǹ márùn-ún, n kò lè jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ilẹ̀ pupa wa ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a kọjá Àjàṣẹ́, ẹrẹ̀ àti omi ló kù.

Ẹ̀gbọ́n Dòsù, ọmọ Ẹ̀gùn kan tó gbọ́ èdè wa, tó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ́ omi lọ́dọ̀ àwọn ológun Faransé, ni iléeṣẹ́ náà ní kó fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ sí akájà ilé wọn. Akájà ni ẹ̀ka igi púpọ̀ tí wọ́n gún mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè máa sá sí i. Bí àwa ṣe ń gbin iṣu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbin igi sínú omi.

Ó ní, "Àbúrò, òfin kan ṣoṣo ló wà. Ohun tó bá lóyún kì í jáde nínú akájà wa, ìbáà ṣe akàn."

Àwa méjèèjì gbé ìgò afẹ́fẹ́ wa, a sì wọ inú omi. Nísàlẹ̀, èémí mi ń dún létí mi bí ewìrì. Mo wá a títí, èèpo igi nìkan ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n Dòsù nawọ́ sí ẹ̀ka kan, síbẹ̀ n kò rí nǹkan. Àfi bí kókó ara igi ṣe yí ojú! Ẹṣin omi náà ni! Kò ju ọmọ ìka ọwọ́ mi lọ. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti ẹrẹ̀ ara igi, ọ̀kan náà ni. Ó fi ìrù rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé ó jọ ìbànújẹ́. Ìgbà náà ni mo rí ikùn rẹ̀ tó yọ róńdó.

A jáde sókè. Ẹ̀gbọ́n Dòsù ní, "Ó lóyún."

"Akọ ni, ẹ̀gbọ́n! Abo ló ń yé ẹyin sínú àpò ikùn akọ. Òfin yín kò kan akọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. "Akọ̀wé! Oyún ni mo sọ, n kò bèèrè irùngbọ̀n. Afẹ́fẹ́ rẹ ń tán lọ, kò ní tó láti wá òmíràn. Ìwọ lo mọ̀."

Mo tún wọ inú omi. Mo na ọwọ́ mi sí i. Kò sá, ńṣe ló tún ìrù rẹ̀ dì mọ́ igi. Mo ro iṣẹ́, mo ro ojú bàbá mi. Mo fa ọwọ́ mi padà.

Iléeṣẹ́ náà kò bá mi wí. Wọ́n kàn pe ẹni tó kàn.

Nígbà tí mo padà dé Pọ́bẹ̀, mo rò ó fún bàbá mi ní ibùdókọ̀.

"Akọ ló ń gbé e?"

"Akọ ni, Bàbá."

"Nígbà tí ìyá rẹ kú, tí mo ń pọ̀n ọ́ lọ sí oko, wọ́n ní ojú àwọn kò rí irú rẹ̀ rí."

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ohun tí ọwọ́ wa kò mú náà ṣe é mú bọ̀ wá sílé. Bàbá mi gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká. N kò bá a dù ú.